Àga Iwájú Tí O Kò Fún Wa

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa,
Ọ̀yọ́.

Àjọkẹ́ mi, ọmọ tó ń wọn ẹrù ẹlẹ́rù,

N kò ní bi ọ́ bóyá àlàáfíà lo wà. Ìyá rẹ ti bi ọ́ lórí fóònù láàárọ̀, ó tún bi ọ́ lọ́sàn-án, ìdáhùn ọ̀hún á sì ti máa rẹ ẹnu rẹ. Àwa náà wà. Orúnkún mi ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbàkigbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ewúrẹ́ aládùúgbò ṣì ń jẹ òdòdó ìyá rẹ, ìyá rẹ sì ṣì ń kí ewúrẹ́ náà kó tó lé e.

Ìdí tí mo fi mú bírò ni pé nígbà tí o pè lánàá pé wọ́n ti kọnfáàmù rẹ níbi iṣẹ́, ìyá rẹ ló gbé fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gbàdúrà fún ọ, ó gbàdúrà fún ọ̀gá rẹ, ó gbàdúrà fún àwọn tó ń wa bàálù àti fún táyà bàálù. Kó tó ṣe àmín tó kẹ́yìn, káàdì rẹ ti tán. Mo lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tú bọ́tìnnì ọrùn mi, mo mí kanlẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ti Mọ́kà dé ni ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu dànù. Ìpè rẹ lánàá ló tì í sọ̀ kalẹ̀. Nísinsìnyí tí iṣẹ́ náà ti di tìrẹ, mo lè sọ ohun tó wà nínú mi. Má jẹ́ kí gígùn rẹ̀ bà ọ́ lẹ́rù. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì kò ní kíláàsì mọ́. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló kù tí yóò máa fi ọ̀rọ̀ jẹ níyà.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìwọ kò sí, torí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní káńtà rẹ ní pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ yẹn, Ògbómọ̀ṣọ́ la ti sè é. Èkó la kàn ti bù ú sí àwo.

O mọ irú ènìyàn tí ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Takie, jẹ́ sí ọ. Nígbà tí òjò wọ yàrá tí o gbà ní Under G lẹ́bàá yunifásítì, tí ìwé rẹ àti bẹ́ẹ̀dì rẹ rin gbingbin, òun ló ti ṣọ́ọ̀bù páànù rẹ̀ ní àdúgbò Takie gbé ọkọ̀ wá kó ọ lọ sílé. Ilé rẹ̀ lo wà títí o fi jáde ní yunifásítì. Nígbà tí o parí tí iṣẹ́ kò sí, tí o ń bá wọn ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé tí o ti gboyè jáde, òun ni kò jẹ́ kí ebi sùn tì ọ́. Nítorí náà, nígbà tí iléeṣẹ́ bàálù gbà ọ́ sí káńtà tí wọ́n ti ń gba ẹrù lọ́wọ́ èrò, inú rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Wọ́n ní wọn yóò kọ́kọ́ dán ọ wò ná fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó mọ ẹni tí wọn yóò dá dúró. Ìyẹn kò yé Bàbá Takie. Ohun tó yé e ni pé ọmọ wa ti wà níbẹ̀.

Ọmọ wa wà níbẹ̀. Nílùú tiwa, gbólóhùn yìí ṣí ilẹ̀kùn ju kọ́kọ́rọ́ lọ. Bí ọmọ wa bá wà ní ọsibítù, a kì í tò. Bí ọmọ wa bá wà ní iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, òkùnkùn kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Bí ọmọ wa kò bá ṣe ju kó máa ṣí géètì ní sẹkitéríàtì lọ, a ó kọ́kọ́ kí i kí a tó béèrè gómìnà. N kò fi bú ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe ń gbé ara wa dìde láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn, èmi náà sì ti fi ṣí ilẹ̀kùn rí. Àìmọ ibi tí ọwọ́ ọmọ wa ti parí, tí ọwọ́ ọlọ́wọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ni àrùn tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí a wá gbọ́ pé bàálù iléeṣẹ́ yín ni yóò gbé wa lọ sí Úmúrà, èmi, ìyá rẹ àti òun, ọ̀rọ̀ bù ṣe. Kó tó pẹ́, gbogbo Takie ti gbọ́ pé iwájú ni Bàbá Takie máa jókòó sí, níbi tí àga ti ń na ara rẹ̀ di bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ti ń fi abọ́ tánganran gbé oúnjẹ wá. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn la rà o. Ìyẹn kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Lójú rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì wà fún àwọn tí kò ní ọmọ níbẹ̀.

Ó pè ọ́ lórí fóònù láti fi tó ọ létí. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ṣí ohùn fóònù sí gbangba kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́. O kí i dáadáa, o bi í léèrè ara, o sì wá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa fi sínú àdúrà." Ó yí sí wa, ó ní a ti gbọ́, ó ti parí. Ẹni tó wá ra ìṣó níbẹ̀ pàápàá bá a yọ̀.

Àjọkẹ́, ibi tí ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ti jáde nìyí. Má fi àdúrà di rárá. Ó yé èmi. Tísà ni mí; mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọmọ fi ń sọ pé òun kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ṣùgbọ́n ní etí ẹni tó ti fẹ́ nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi sínú àdúrà túmọ̀ sí pé Ọlọ́run nìkan ló kù tí yóò fọwọ́ sí i. Ta ni yóò wá rò pé Ọlọ́run yóò fi nǹkan du ẹni tó ń lọ kí I nílé? Sọ ọ́ kedere, sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o sì tètè sọ ọ́. "Ẹ má bínú, Bàbá, kò ṣeé ṣe" kò tíì pa àgbàlagbà kankan rí. Kí ó tó lọ aṣọ ni kí o sọ ọ́.

Torí pé ó lọ aṣọ. Ẹnìkan sọ fún un ní mọ́sáláṣí pé ojú aṣọ ni àwọn ará bàálù ń wò kí wọ́n tó fa ènìyàn sí iwájú lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ẹni tí a jọ ń lọ wọ jalàbíà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nítorí ìrìn àjò. Ẹ̀gbọ́n mi wọ agbádá gínì tí wọ́n fi sítáàṣì sí débi pé ó lè dá dúró kó sì máa kí ènìyàn láìsí ẹ̀gbọ́n mi nínú rẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó, kò fẹ̀yìn ti àga ọkọ̀ kí aṣọ má baà rún. Ó jókòó ṣánṣán bí ẹni tó ń ya fọ́tò, ó sì ń bi mí bóyá ó ṣì ń dán.

Kí o má baà rò pé ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà gbọ́ ìròyìn àga tó ń di bẹ́ẹ̀dì, orúnkún mi náà sì gbọ́ ọ. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo kàn ń ka ìwé mi lọ, bí àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé ṣe máa ń ṣe nígbà tí a bá fẹ́ nǹkan tí a kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu wa.

A dé káńtà rẹ. O rí wa, o sì kúnlẹ̀ tòun ti yúnífọ́ọ̀mù, débi pé fìlà rẹ nìkan la ń rí lókè káńtà. Ọ̀gá yín obìnrin dúró lẹ́yìn rẹ, ó ká apá mọ́ àyà. Inú mi dùn sí ìkúnlẹ̀ yẹn ju bó ti yẹ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ká etí agbádá sí èjìká, kí gbogbo èrò tó tò lẹ́yìn wa lè rí ẹni tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún, ó wá ní kí o gbé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí iwájú.

O rọra sọ fún un pé ẹ̀yìn ni tíkẹ́ẹ̀tì wa wí. Ó béèrè bóyá iwájú ti kún ni. Ká ní o purọ́ pé ó ti kún, gbogbo rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n o wo kọ̀ǹpútà rẹ, o ní ó ṣì ṣófo. Inú rẹ̀ dùn. Ó wo àwọn èrò, ó tún wò ọ́.

"Tó bá ṣófo, ta lẹ wá ń dá a sí fún?"

"Bàbá, àga yẹn kì í ṣe tèmi. Ká ní tèmi ni, mi ì bá ti gbé e wá sí Takie fún yín."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́, torí pé ẹ̀gbọ́n mi lè gba rárá lọ́wọ́ ọmọ, kò lè gba ẹ̀rín lọ́wọ́ àlejò. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Mo mọ ohùn yẹn láti kékeré. Ìgbà tó bá lọ sílẹ̀ ni kí ènìyàn máa wá ibi sá sí. Ó bi ọ́ pé ilé ta ni o sá wọ̀ nígbà tí òjò lé ọ jáde ní Under G. O ní ilé rẹ̀ ni. Ó bi ọ́ pé ìkòkò ta ni o ti ń jẹun. O ní ìkòkò ìyàwó rẹ̀ ni. Omi ti ń yí lójú rẹ. Ọ̀gá yín sún mọ́ ọ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá yí sí mi, kò sì wo ojú mi.

"Tísà, bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀."

O mọ ohun tó ní kí n ṣe. Nínú ilé wa, ọmọ kì í kọ ọ̀rọ̀ sí bàbá lẹ́nu níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá. N kò tíì pàṣẹ fún ọ rí kí o kọ̀. Ìgbà tí mo ní kí o lọ ṣe kẹ́mísírì tí o kò fẹ́ràn, o lọ, o sì fi ojú burúkú kà á yọrí. Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹ̀yìn eyín mi, kò sì gùn: ṣe é fún wọn. O wò mí, o sì sọ ohun tí n kò ní gbàgbé títí wọn yóò fi gbé mi lọ síbi tí kò sí àga iwájú.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́. Tí ẹ bá ti sọ ọ́, màá ṣe é."

Mo pa ẹnu dé. Mo wá wú ikọ́ tí kò sí lọ́fun mi, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ká máa lọ, pé a ń dá èrò dúró. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ akọni. Ẹni tó bá fẹ́ gbé mi gẹṣin nítorí rẹ̀, kó ní sùúrù. N kò gbà ọ́ sílẹ̀. Mo kàn yà lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé ìwọlé bàálù lọ́wọ́ rẹ láìwo ojú rẹ, o sì kí i pé ó dàbọ̀, ó ti ń lọ.

Ẹ̀yìn pátápátá ni ibi tiwa wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyá rẹ wà lójú fèrèsé, èmi wà láàárín pẹ̀lú orúnkún mi, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́bàá ọ̀nà. Agbádá yẹn kọ̀, kò ká. Apá kan bo èmi àti àwo oúnjẹ mi, apá kejì yọ sójú ọ̀nà, gbogbo ẹni tó ń lọ tọ̀ ló ń kọ́kọ́ gbé e sókè bí ẹni tó ń ṣí kọ́tìnnì ilé olókìkí. Ẹ̀gbọ́n mi dijú, ó ń fa tẹ̀súbáà. Nígbà tí bàálù gbéra nílẹ̀, ìyá rẹ yọjú wo ìta, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni wí.

"Ẹ ò rí i pé ibí náà ń fò."

Mo rẹ́rìn-ín sínú agbádá ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i tí imú rẹ̀ gbọ̀n.

Nígbà tí a kúrò ní Mẹ̀dínà tí a dé Mọ́kà, tí gbogbo ọkùnrin ti wọ aṣọ funfun méjì tí abẹ́rẹ́ kò kàn, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ń wá àwọn tó jókòó síwájú bàálù. N kò dá ẹyọ kan mọ̀. Mo wá wo ẹ̀gbọ́n mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èjìká rẹ̀ kan wà níta, egungun ibẹ̀ ti yọ. Ó ti gbó ju bí agbádá ṣe máa ń jẹ́ kí n mọ̀ lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo wá rí i pé kì í ṣe àga ló ń wá. Ó fẹ́ rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé ilé tó ṣí sílẹ̀ fún ọ nígbà òjò kò já sí asán. Kò kàn mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà rí irú rẹ̀.

Nítorí náà, ìkejì nìyí, òun ló sì le jù: má ṣe fi ohun tí kì í ṣe tìrẹ san oore, ṣùgbọ́n san oore. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti lè kọ̀ fún àgbà lẹ́ẹ̀kan, wọn a máa pe ìyẹn ní ìwà títọ́, wọn kò sì ní yọjú sí àgbà náà mọ́. Má ṣe dà bíi wọn. Àga yẹn kì í ṣe tìrẹ, ṣùgbọ́n ìsinmi rẹ, tìrẹ ni. Ẹsẹ̀ rẹ, tìrẹ ni. Nígbà tí wọ́n bá fún ọ láyè, Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí o kọ́kọ́ sọ̀ sí kí o tó wá sí Ọ̀yọ́. Mo ti bá ìyá rẹ sọ ọ́. Ó fajú ro díẹ̀, ó sì ti tújú ká. Lọ jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn tó ń ra páànù rí ọ. Jẹ́ kó rán ọ lọ ra ìṣáná tó ti wà lápò rẹ̀. Jẹ́ kó ṣàlàyé fún ọ bí bàálù ṣe ń fò, ìwọ tí o ń rí i lójoojúmọ́. Ìyẹn ni àga iwájú tó wà níkàáwọ́ rẹ láti fún un.

Ohun tí òfin iṣẹ́ rẹ bá sì gbà ọ́ láàyè láti ṣe fún ènìyàn, ṣe é títí ọwọ́ yóò fi ro ọ́. Nígbà tí a ń bọ̀, ọmọbìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló wà ní káńtà wọn lọ́hùn-ún. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tísà kí i, mo ní orúnkún mi kò dára, bóyá ó lè rí ìjókòó ẹ̀bá ọ̀nà fún mi kí n máa na ẹsẹ̀ kan síta. Ó wò ó, ó fún mi, kò sì béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Bí mo ṣe jókòó tí mo na ẹsẹ̀ yẹn, mo ń bi ara mi ìdí tí n kò fi mọ̀ pé a lè béèrè nǹkan nítorí pé a nílò rẹ̀, láìmú orúkọ ẹnikẹ́ni dání. Mo ti fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ènìyàn níwèé, n kò kọ́ ìyẹn.

Ìgbà tí a délé ni ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tí o ní kó má sọ fún mi. Ọmọkùnrin tó wà ní káńtà tó tẹ̀ lé tìrẹ, tí ẹ jọ wọṣẹ́ pọ̀, ti gbé bàbá ìyàwó rẹ̀ sí iwájú ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Bàbá náà ló pàṣẹ, ọmọ náà kò sì lè kọ ọ̀rọ̀ sí àna lẹ́nu. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọ̀gá tó ká apá mọ́ àyà lẹ́yìn rẹ lọ́jọ́ náà, ohun tó dúró wò nìyẹn.

Mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni ìbá wọ́ ọ lórí, lójú ọjà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò gùn ju ikọ́ lọ. Ẹyin lohùn, Àjọkẹ́. Tèmi ti yí dé etí tábìlì kí ìwọ tó fi ọwọ́ gbà á. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí. N kò mọ̀ bóyá ọ̀gá rẹ yóò ka ariwo tiwa sí ọ lọ́rùn, bóyá wọn yóò ní ẹbí rẹ pọ̀ jù fún iṣẹ́ wọn. Bí fóònù bá dún, n kì í kọ́kọ́ gbé e. Ìdí nìyẹn tí o fi ń bá ìyá rẹ nìkan sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn wá, tí o sì ń rò pé mo ń bínú. N kò bínú. Mo ń dúró. Àná ni mo dẹ́kun ìdúró.

Ìkẹta, tàbí ìkẹrin, n kò kà á mọ́. Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ níbí, wọ́n pín mi sí abúlé kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Mo dé gáréèjì ní Takie pẹ̀lú báàgì kan àti táì kan. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù náà kún fún àpò gààrí àti ènìyàn. Ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà níwájú ni ibi iyì. Mo sọ fún dírẹ́bà pé ìsípẹ́kítọ̀ ilé-ìwé ni mí. Ó bọ́ fìlà, ó fi nu àga iwájú fún mi. Mo gbádùn ọ̀nà yẹn títí a fi dé iwájú ilé-ìwé náà, tí ọkùnrin rere yìí, láti bu ọlá fún mi, fọn fèrè ọkọ̀ títí, tó sì ké sí wọn pé ìsípẹ́kítọ̀ dé. Hẹ́dímásítà sáré jáde, ó ń de bọ́tìnnì bọ̀. Àwọn ọmọ tò, wọ́n kọrin fún mi. Wọ́n gbé àga hẹ́dímásítà fúnra rẹ̀ jáde sábẹ́ igi, wọ́n ní kí n jókòó. Ọkọ̀ ti lọ. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo yọ ìwé tí wọ́n fi pín mi síbẹ̀, mo nà án sí i. Ó kà á, ó rọra ká a, ó wo àga rẹ̀ lábẹ́ mi. Ó ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ni kò ní olùkọ́, kí ìsípẹ́kítọ̀ dìde. Títí mo fi kúrò ní abúlé yẹn, Ìsípẹ́kítọ̀ ni ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ń pè mí.

Mo sọ èyí kí o lè rẹ́rìn-ín, kí o sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ilé wa. Àga tí a fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ jókòó sí, ẹlòmíràn ló ń sọ ìgbà tí a ó dìde. Ti ẹni tó ra tirẹ̀, bó tilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò ní kó dìde. Bí ẹni tó wọ sìlípáàsì bá sì dé káńtà rẹ, kí i bí o ṣe ń kí ẹni tó wọ gínì. O kò mọ èwo nínú wọn ni ìsípẹ́kítọ̀.

Mo pe Bàbá Takie lálẹ́ àná. O yẹ kí o mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti dé ló ti ń sọ fún wọn ní Takie pé àwọn ará bàálù bẹ òun títí pé kí òun bọ́ síwájú, òun ló kọ̀ nítorí pé ẹni tó ń lọ ilé Ọlọ́run gbọ́dọ̀ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, mo mi orí. Má ta kò ó, bó bá sọ ọ́ lójú rẹ. Ní àná, mo sọ ti iṣẹ́ rẹ fún un, mo sì sọ ti ọmọkùnrin tí wọ́n lé. Ó béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ fún òun pé wọ́n lè lé ọ. Mo ní èmi náà kò mọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ọmọ yẹn le," ó ní. "Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ."

Ìyẹn náà, má ta kò ó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òdodo. Pè é ní gbàrà tí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí o má dúró kí òun kọ́kọ́ pè. Ó ń gbé fóònù káàkiri ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún ìyá rẹ.

Ohun kan ló kù, òun ni mo tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo èyí. O bẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn pé kí n má sọ ọ́. Kò yẹ kí ọmọ máa bẹ bàbá rẹ̀ ní irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti rò ó, mo sì ti pe ìyá rẹ kó wá ṣe ẹlẹ́rìí: láti òní lọ, ní ẹ̀yìn káńtà yẹn, n kò ní àṣẹ kankan lórí rẹ. Bí ọjọ́ ogbó bá mú mi gbàgbé tí mo sì pàṣẹ, gbà á pé ikọ́ ni mo wú. Èrò ni mí níbẹ̀. Bí a bá tún wá, má kúnlẹ̀. Gba páṣípọ́ọ̀tù mi, wò ó bóyá ojú mi ló wà nínú rẹ̀, gbé báàgì mi sórí òṣùwọ̀n. Bó bá wúwo jù, sọ ọ́ fún mi lójú gbogbo èrò. N ó kùn díẹ̀, torí pé bàbá rẹ ni mí. N ó sì tú báàgì náà nílẹ̀ níbẹ̀, n ó yọ ìwé kan tàbí méjì fún ìyá rẹ kó gbé wọn sí abíyá, n ó wá lọ jókòó síbi tí tíkẹ́ẹ̀tì mi bá wí.

Èmi ni,
bàbá rẹ, Tísà.